Ẹ Kú Ọwọ́lómi

Ẹni tó bá wọ ilé ìyálọ́mọ ní Ẹ̀sìẹ́ tàbí ní Ọmù-Àrán kì í kọ́kọ́ béèrè ọmọ. "Ẹ kú ewu ọmọ o" ló ń ṣáájú, "ẹ kú ọwọ́lómi" á tẹ̀ lé e. Ìkíni náà bá ilé mu. Omi ìwẹ̀ ọmọ wà lórí iná, omi tí wọn yóò fi jó ikùn ìyá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìtẹ́dìí tí ọmọ ti tọ̀ sí láti òru kún inú báàfù, abọ́ tí àwọn àlejò àná fi jẹun sì wà nílẹ̀ tó ń dúró de ẹni tí yóò fọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kànga ti ń gbẹ, a jẹ́ pé ẹlòmíràn tún wà níbi kànga ẹ̀rọ, tó gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ tó ń retí kó kàn án.

Ère òkúta ni ọ̀pọ̀ àlejò mọ Ẹ̀sìẹ́ mọ́. Àwọn ère náà lé ní ẹgbẹ̀rún, ilé tí wọ́n sì ṣí fún wọn ní 1945 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Àṣà tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí, ìtọ́jú ìyálọ́mọ àti ọmọ tuntun, kò tíì di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé, àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó, ní Ìlọrin àti ní London sì ń ránṣẹ́ sílé pé kí ẹnì kan wá bá àwọn náà ṣe é.

Ogójì ọjọ́ ni wọ́n máa ń kà fún un. Àwọn Mùsùlùmí ń kà á nítorí pé òun ni gbèdéke tí ọ̀pọ̀ àáfà fi sí ẹ̀jẹ̀ ìbímọ, kí obìnrin tó padà sórí ìrun. Àwọn onígbàgbọ́ náà ń kà á, wọ́n á fi lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn nọ́ọ̀sì ní tiwọn ń ka ọ̀sẹ̀ 6, èyí tó jẹ́ ọjọ́ 42. Láàárín àkókò náà, ìyá ìyálọ́mọ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ á kó ẹrù wá. (Èwo nínú àwọn méjèèjì ni yóò kọ́kọ́ wá? Mo mọ ilé tí ọ̀rọ̀ yìí ti fa ìjà ju owó orí lọ.) Bí ará àdúgbò bá béèrè Màmá, èsì tí wọn yóò gbọ́ ni pé Màmá ti lọ wẹ ọmọ.

Àwọn àgbà ní ẹnì kan ní í bímọ, igba èèyàn ní í wò ó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, igba náà a máa lọ sùn. Ọmọ tuntun ń mu ọmú bí ìgbà mẹ́jọ sí méjìlá láàárín wákàtí 24, òru kò sì yàtọ̀ sí ọ̀sán lójú rẹ̀. Ká ní ọmú mímu gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí wọ́n tó gbé e lé èjìká kó gùnfẹ̀, kí wọ́n tó pààrọ̀ ìtẹ́dìí, kó tó sùn, wákàtí kan ti lọ. Oorun tó kù fún ìyá kò ju wákàtí méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ìwẹ̀ gan-an kọ́ ni Màmá wá ṣe. Láago márùn-ún ìdájí, nígbà tí ọmọ bá mu ọmú tán, Màmá á nawọ́ gbà á, wọ́n á ti ilẹ̀kùn yàrá, ìyálọ́mọ á sì sùn títí aago mẹ́jọ. Wákàtí mẹ́ta yẹn ni gbogbo àṣà náà dúró lé lórí. Ohun yòókù tí a ó mẹ́nu bà, a lè tún un ṣe, a sì lè pa òmíràn tì nínú rẹ̀, kí wákàtí mẹ́ta náà ṣáà má bàjẹ́.

Ìwẹ̀ ni àwọn èèyàn máa ń dúró wò. Màmá á jókòó sórí àpótí, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, báàfù á wà lábẹ́, wọ́n á wá tẹ́ ọmọ sórí ojúgun wọn. Ìgúnpá ni wọ́n fi ń wo bí omi ṣe gbóná tó, nítorí àtẹ́lẹwọ́ tó ti ń ro ọkà láti bí àádọ́ta ọdún kì í mọ omi gbígbóná mọ́. Orí ni wọ́n ń kọ́kọ́ wẹ̀, lẹ́yìn náà ọrùn, abíyá àti pápá itan, níbi tí wàrà àti òógùn ń sá pamọ́ sí. Kànìnkànìn gbọ́dọ̀ ti rọ̀, ọṣẹ kò gbọ́dọ̀ pọ̀. Tí wọ́n bá ti ṣan án tán, òrí ló kàn. Igi ẹ̀mí pọ̀ nílẹ̀ Kwara, òrí kò wọ́n wọn. Wọ́n á fi pa á láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í nà án: apá ọ̀tún lọ bá ẹsẹ̀ òsì, apá òsì lọ bá ẹsẹ̀ ọ̀tún, orúnkún lọ sí ikùn, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu Màmá kò dákẹ́, oríkì ni wọ́n ń kì. Ọmọ tó ti ń ké láti ìbẹ̀rẹ̀ á máa wò suu. Ọwọ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, epo lára, ohùn kan náà lójoojúmọ́: n kò rí ohun tí ilé ìwòsàn kankan lè fi rọ́pò rẹ̀.

Àmọ́ àwọn nǹkan kan wà níbẹ̀ tó yẹ kó dúró. Jíju ọmọ sókè kí ó má bàa di ojo jẹ́ ọ̀kan. Ọrùn ọmọ tuntun kò lè gbé orí rẹ̀ dúró. Bí wọ́n bá ń jù ú, ọpọlọ rẹ̀ ń mì nínú agbárí, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tín-ín-rín sì lè já níbẹ̀. Fífi apá kan gbé e sókè náà lè yẹ ẹ́ léjìká. Orí tó gùn nígbà ìbí á padà róbótó fúnra rẹ̀ láìpẹ́. Imú kò nílò fífà, imú baba rẹ̀ ni. Ọyàn ọmọ, ọkùnrin tàbí obìnrin, tún lè wú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí omi funfun díẹ̀ máa jáde, nítorí èròjà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn ìyá àgbà máa ń fún un. Kí wọ́n fi sílẹ̀ o, fífún yìí ló ń sọ ọ́ di eéwo. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó ń yọ lójú ara ọmọbìnrin náà, ìdí kan náà ló fà á, á dá.

Ìwẹ̀ àkọ́kọ́ náà ń fa àríyànjiyàn. Ọmọ a máa bọ́ sáyé pẹ̀lú ọ̀rá funfun kan lára, àwọn àgbà sì gbà pé bí wọn kò bá fọ̀ ọ́ kúrò lọ́jọ́ náà gan-an, òórùn ara á máa dà á láàmú tó bá dàgbà. Ilé iṣẹ́ ìlera àgbáyé ní kí wọ́n dúró di wákàtí 24. Inú ooru ìyá ni ọmọ ti ń bọ̀. Bí wọ́n bá tú u sómi lójú ẹsẹ̀, ara rẹ̀ á tutù kíákíá, pàápàá lásìkò ọyẹ́, ọmọ tí òtútù bá sì mú kì í lágbára láti fa ọmú. Kí wọ́n nù ún gbẹ, kí wọ́n gbé e lé àyà ìyá rẹ̀. Ọ̀rá náà á wọ awọ ara lọ.

Ibi tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo rẹ̀ ni àpótí aṣọ. Aṣọ tí ẹ̀gbọ́n ọmọ ti lò ni wọ́n máa ń kó jáde fún àbúrò, láàárín aṣọ náà ni káńfọ̀ sì wà, àwọn róbótó funfun tó ń ta sánsán tí wọ́n ń jù síbẹ̀ nítorí aáyán. Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ G6PD, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa. Láàárín àwa Yorùbá, ó tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ọmọkùnrin tí èròjà náà kò tó lára wọn. Ó ń rí bẹ́ẹ̀ lára àwọn obìnrin kan náà. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè dàgbà láìmọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tuntun tí kò ní i tó bá fa káńfọ̀ símú láti ara aṣọ, ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ohun aláwọ̀ ìyeyè tó ń tinú ẹ̀jẹ̀ fífọ́ jáde á pọ̀ ju ohun tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè kó dànù, ojú àti ara rẹ̀ á sì pọ́n. Àwọn dókítà tún ń kìlọ̀ nípa àwọn ìpara tó ní mẹ́ńtọ́ọ̀lù. Nítorí náà, kí aṣọ àtijọ́ tó kan ara ọmọ, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sá a sóòrùn títí òórùn náà á fi lọ pátápátá. Ó sàn kí wọ́n má tilẹ̀ fi káńfọ̀ sí i rárá.

Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni wọ́n ń pe ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ní díẹ̀ nínú rẹ̀ láàárín ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún, tó sì ń lọ fúnra rẹ̀. Èyí tó ń pani lára ni èyí tó yọ kí ọmọ tó pé wákàtí 24, tàbí èyí tó dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, tàbí èyí tí ọmọ kò fi lè mu ọmú mọ́. Bó bá dé ọpọlọ, ó lè pa ọmọ, ó lè dí i létí, ó sì lè sọ ọ́ di aláàbọ̀ ara títí ayé. Gbígbé ọmọ sóòrùn àárọ̀ ni oògùn tí gbogbo ìyá àgbà mọ̀, òótọ́ díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ní 1956, ní ilé ìwòsàn Rochford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Jean Ward, tó fẹ́ràn láti máa gbé àwọn ọmọ tuntun lọ sínú ọgbà, rí i pé ara ọmọ kan ti dá níbi tí oòrùn dé, ó sì pọ́n síbẹ̀ níbi tí aṣọ bò. Dókítà Richard Cremer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ ipasẹ̀ ohun tó rí, wọ́n gbé ìwádìí wọn jáde ní 1958, ibẹ̀ sì ni iná aláwọ̀ aró tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ sábẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ti wá.

Oòrùn tún padà sílé wa lẹ́yìn náà. Ní Island Maternity ní Èkó, Tina Slusher, Bolajoko Olusanya àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tẹ́ ọmọ sábẹ́ àgọ́ tí wọ́n fi ọ̀rá pàtàkì bò, èyí tó ń gba ìmọ́lẹ̀ tó wúlò láàyè wọlé, tó sì ń dá ìtànṣán tó ń jó ara dúró. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2015 fi hàn pé kò rẹlẹ̀ sí iná ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún dán an wò ní Ògbómọ̀ṣọ́, lára àwọn ọmọ tí ti wọn le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ kíyè sí i: àgọ́ wà, nọ́ọ̀sì wà, wọ́n ń wọn ooru ara ọmọ, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ọmọ tí wọ́n gbé sí ẹnu ọ̀nà fún ogún ìṣẹ́jú ní aago méje kò rí ìdá kékeré nínú ìyẹn gbà, àkókò tí ìbá ti dé ilé ìwòsàn ìjọba ní Ọmù-Àrán tàbí ti yunifásítì ní Ìlọrin ló ń lọ. Omi gúlúkóòsì kì í wò ó. Tí ojú ọmọ bá pọ́n, kí wọ́n gbé e lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ ló kù tí èmi àti àwọn ìyá àgbà kò lè fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Wọ́n máa ń rọ ọmọ lágbo: wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ ṣe kòtò sí ẹnu rẹ̀, wọ́n á da àgbo sí i, ọmọ tó ń ké tó sì ń wá èémí á sì gbé e mì ní túláàsì. Díẹ̀ lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Bó bá sì lọ sí ikùn náà, ikùn ọmọ ọjọ́ mẹ́ta kéré gan-an. Àgbo tó wọ̀ ọ́ ti gba àyè ọmú. Ọyàn tí ọmọ kò fà kì í sun wàrà tó, ìyá á wá ní wàrà òun kò tó, wọ́n á fi omi àti ògì kún un, wàrà á tún dín kù sí i. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ "n kò ní wàrà" ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmú àkọ́kọ́ tó pọ́n, tí wọ́n máa ń fún dànù pé ó dọ̀tí, ló ní ohun tó ń gbógun ti àrùn jù, ìwọ̀nba ṣíbí kékeré díẹ̀ ló sì ń sun lójúmọ́ náà nítorí pé ìwọ̀nba yẹn ni ọmọ nílò. Láàárín wákàtí kan tí wọ́n bí i ló yẹ kó ti wà lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí ohun mìíràn tí yóò tẹ̀ lé e fún oṣù 6, omi lásán pàápàá. Omi wà nínú ọmú, àní nínú ooru oṣù kẹta ní Ẹ̀sìẹ́.

Tinú ṣọ́ọ̀bù kò sàn ju tinú ìkòkò lọ. Gripe water tí wọ́n ń fún ọmọ nítorí inú rírun, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni William Woodward ti pò ó ní 1851, ọtí sì wà nínú rẹ̀ fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ní 2008, oògùn eyín kan tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní Nàìjíríà, My Pikin, ní èròjà onímájèlé nínú, àwọn ọmọ tó kú sì lé ní ọgọ́rin. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá wàrà òun tó, kó wo ìtẹ́dìí. Ìgbẹ́ dúdú tí ọmọ kọ́kọ́ yà á di aláwọ̀ ewé, nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ karùn-ún á ti pọ́n. Láti ìgbà náà lọ, kó máa tọ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́. Ọmọ a máa jò díẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ìwọ̀n rẹ̀ á padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí àwùjẹ̀ rẹ̀ bá jìn wọnú tí kò sì tọ̀, omi ti dín lára rẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn. Ti òsúkè kò le lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà: wọ́n á já òwú, wọ́n á fi itọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí. Kò ṣe nǹkan kan, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára, ẹ jẹ́ kí Màmá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Ní ti ìwọ́, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Kò sí ọṣẹ ìfọyín, kò sí epo mọ́tò, kò sí ìgbẹ́ ẹran, nítorí ibẹ̀ ni ipá ń gbà wọlé. Jẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n ń pè ní chlorhexidine, wọ́n ń fi sí i lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kó má kan ojú o: túúbù rẹ̀ jọ ti oògùn ojú, ó sì lè fọ́ ọmọ lójú.

Ọjọ́ kẹjọ á dé, ìkómọ tàbí àkíkà, ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìta, ìyálọ́mọ tí kò tíì sùn á wọ aṣọ tó fún un. Nínú ohun tí wọ́n fi ń wúre, oyin nìkan ni mo ní ìjà pẹ̀lú. Kòkòrò kan lè wà nínú oyin, èyí tí ikùn àgbà ń borí, àmọ́ tó lè rọ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan lápá lẹ́sẹ̀. Ìyá lè tọ́ ọ wò dípò ọmọ, wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní àwọn ilé kan báyìí, kò sẹ́ni tó tìtorí rẹ̀ ní ìwúre kò gbà. Kí àwọn àlejò fọwọ́ kí wọ́n tó gbé ọmọ, kí ẹni tó ń wúkọ́ kí i látòkèèrè.

Ìyá ni a máa ń gbàgbé nínú ọ̀rọ̀ ọmọ, àṣà yìí kò sì gbàgbé rẹ̀, mo yìn ín fún ìyẹn. Ẹ̀kọ bàbà gbígbóná ṣáájú kí ilẹ̀ tó mọ́, ọbẹ̀ ẹja tó ta díẹ̀, àmàlà, ẹ̀fọ́. Omi tí wọ́n fi ń jó ikùn ni kí ó má gbóná jù; mo ti rí awọ tó bó. Kó sì má jókòó sínú omi tó ń hó bí wọ́n bá rán an lójú ara. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ tó. Ẹ̀jẹ̀ tó ń rin pádì kan gbindin láàárín wákàtí kan, ibà, ẹ̀fọ́rí tó le tí ojú ń ṣú, ẹsẹ̀ kan tó wú tó ń dunni: kò sí èyí tí wọ́n ń fi àgbo dúró wò nínú wọn. Ẹkún ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin wọ́pọ̀, a máa lọ. Èyí tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò fi lè sùn nígbà tí ọmọ sùn, tí ọmọ náà kò wù ú wò, àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Àbísínwín yàtọ̀: tó bá ń gbọ́ ohùn tàbí tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé e lọ, kí wọ́n má sì fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀. Pípè é ní ọ̀lẹ tàbí àjẹ́ kò wo ẹnikẹ́ni sàn rí.

Baba ńkọ́? Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbí àti 6 lẹ́yìn rẹ̀. Láti 2022, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó jẹ́ baba ní ọjọ́ iṣẹ́ 14. Àgbẹ̀ àti ọlọ́kadà kò ní ọjọ́ kankan. Síbẹ̀ pípọn omi, fífọ ìtẹ́dìí àti gbígba ọmọ gùnfẹ̀ láago méjì òru kò gba ìwé ìsinmi. Àwọn àgbà ọkùnrin ìlú á ní kí ọkọ má wọ yàrá ìyálọ́mọ. Mo gbà pé kó fi ara obìnrin sílẹ̀ kó sàn. Èwo ni ti ìtẹ́dìí níbẹ̀?

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìyá á pọn ọmọ lọ sí ibùdó ìlera. Abẹ́rẹ́ BCG àti ti ẹ̀dọ̀, pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń kán sẹ́nu nítorí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, ti yẹ kó gbà nígbà ìbí. Ti ọ̀sẹ̀ kẹfà yìí ló kàn, lẹ́yìn náà ti ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá. Kí wọ́n yẹ ìyá náà wò lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Màmá sábà máa ń di ẹrù, nítorí ẹ̀fọ́ wọn ti gbó lóko, ọmọ wọn mìíràn sì lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bí ní Ìlọrin. Ọ̀pọ̀ ilé kì í sọ̀rọ̀ aago márùn-ún ìdájí títí ọjọ́ ìrìnàjò. Kí wọ́n sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹrin: bó bá jẹ́ baba ni yóò máa gba ọmọ nígbà náà, kó ti máa gbà á lójú Màmá, bó bá jẹ́ àbúrò ìyàwó, kó ti dé ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, kó jókòó sórí àpótí náà, kí Màmá wò ó bó ṣe ń di orí ọmọ mú nínú ọṣẹ.